Ẹnu Ìyàwó Ni Ojú Adájọ́

Aránṣọ kan ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní bí òun bá fẹnu ara òun sọ ọ́, ìdajì ọ̀nà ni ẹkún yóò ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu.

Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Máṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀, àti tábìlì ìgéṣọ, àti dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Yàrá ẹ̀yìn ni ti ọkọ rẹ̀. Àga onítìmùtìmù kan àti tẹlifíṣọ̀n ńlá ló wà ńbẹ̀, fíìmù sì kún orí pẹpẹ títí dé òkè àjà.

Adájọ́ ni gbogbo ìlú ń pe ọkọ náà. Kì í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ o, fíìmù ló ń dá lẹ́jọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bí ọdún bá wá ń lọ sópin, òun àti alátakò rẹ̀ á jókòó, wọn á to fíìmù mẹ́wàá tó dára jù lọ́dún náà, láti orí ìkẹwàá títí dé orí èyí tó gba ipò kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Àwọn tọkọtaya á máa bá ara wọn jiyàn lórí ibùsùn. Fíìmù tí Adájọ́ bá gbé sí ipò kìn-ín-ní, ilé sinimá kò ní gba èrò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Alátakò yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Motakò ni wọ́n sọ ọ́, torí ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí Adájọ́ bá ní oòrùn ń ràn, á ní, "Mo takò!" Wọn á bú ara wọn bí ajá àti ológbò lórí rédíò, tí wọ́n bá jáde síta tán, wọn á jọ jẹun nínú abọ́ kan náà.

Ohun tí ìlú kò mọ̀ ni pé Adájọ́ kò ríran mọ́.

Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa kọ́tìnì wọlé láti ọ̀tún àti láti òsì, díẹ̀díẹ̀, tí kò dáwọ́ dúró. Dókítà ojú sọ ọ́ fún wọn láìfi bò: èyí tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù náà ń palẹ̀ mọ́.

Adájọ́ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n délé. "Télọ̀ mi," ó ní, "ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Ta ni yóò gbé ẹjọ́ àwòrán wá fún afọ́jú dá?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi," ni ìyàwó wí.

Ọkọ ra awò ojú dúdú. Àwọn èèyàn ní Adájọ́ ti ń ṣe fáàrí. Àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ rédíò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó á fi apá kọ́ apá rẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ wo ìfẹ́ àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́gbọ́n!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, aránṣọ á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sórí apá àga ọkọ rẹ̀, á sì máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù fún un. Ojú aránṣọ ló fi ń wò ó. Á ní, "Ẹ̀wù obìnrin yẹn ti já lójú rírán lábíyá, ó wá fi apá mọ́ra kí ọkùnrin náà má baà rí i." Adájọ́ á fò sókè lórí àga.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Èmi tí mo ní ojú méjèèjì tẹ́lẹ̀, ṣé mo máa ń rí ìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò wá tún dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń sọ pé àfi bí ẹni pé Adájọ́ pààrọ̀ ojú. Aránṣọ náà sọ fún mi pé nínú gbogbo ìgbéyàwó àwọn, àwọn Sátidé wọ̀nyẹn ló dùn jù. Ọkọ tó ti máa ń wà níwájú tẹlifíṣọ̀n láìmọ̀ bóyá ìyàwó òun wọlé tàbí jáde, òun ló wá ń tẹ́tí sí gbogbo èémí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí àbúrò aránṣọ lọ́kùnrin fi dé.

Àbíkẹ́yìn ìyá wọn ni. Ó ti gẹrun rí, ó ti tún fóònù ṣe, ó ti wakọ̀. Iṣẹ́ tí kò tíì dán wò kò ju iṣẹ́ ọba lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, fíìmù ló ṣe. *Ilé Ẹ̀yìn Afárá* ló pe àkọlé rẹ̀, ilé sinimá kan sì ti ń fi í hàn, àmọ́ àga ló pọ̀ ju èèyàn lọ níbẹ̀.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Adájọ́ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó.

Ọmọkùnrin náà fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n mi, bùrọ̀dá ò ríran."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

"Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan, mo fi Màmá búra. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàánú mi. Ìkẹwàá lásán ni mò ń wá. Kí wọ́n ṣáà dárúkọ fíìmù mi lórí rédíò."

"Jẹ́ kí fíìmù ẹ fẹnu ara ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹnu yín ni ojú wọn báyìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ẹ bá rí ni wọ́n rí." Ó kúnlẹ̀, kò gbé ojú sókè mọ́. "Kò sí ohun tí mo dáwọ́ lé tó yọrí rí. Ẹ̀yin náà mọ̀. Bí èyí bá tún bọ́, mi ò mọ ohun tí mo tún fẹ́ máa jí fún láàárọ̀. Ọwọ́ yín ni Màmá fi mí lé."

Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Ó ní kó dìde, kó máa lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti wọ̀ ọ́ létí bí omi odò ṣe ń wọ etí ẹni tó lúwẹ̀ẹ́, tí kì í tètè jáde: ẹnu yín ni ojú wọn.

Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí páànù lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n wo fíìmù náà.

Kò pẹ́ tí aránṣọ fi mọ̀ pé fíìmù yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí. Obìnrin tí wọ́n ní ó tòṣì gan-an wọ ẹ̀wù tuntun tí ìlà áyọ́ọ̀nù kò tíì kúrò lára rẹ̀.

"Kí ló wọ̀?" ni Adájọ́ bi í.

Aránṣọ wo ìlà áyọ́ọ̀nù náà. "Ẹ̀wù kan tó ti ṣá. Fífọ̀ ti gba àwọ̀ lára ẹ̀."

Irọ́ kékeré ni, kò tó èékánná. Àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń jókòó sórí apá àga yẹn. Ó ní ẹ̀rù ba òun pé kò ṣòro rárá.

Nígbà tó yá, ọmọ tí obìnrin inú fíìmù náà bí ṣàìsàn, ó sì kú. Òṣèré náà la ẹnu, ó figbe ta, igbe náà gùn, ó ń lọ sókè sódò bí orin.

Adájọ́ yọ ṣùtì. Etí rẹ̀ kò fọ́ ní tirẹ̀. "Igbe wo rèé? Ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ kì í ké báyìí. Pa á, Télọ̀, jẹ́ ká wo òmíràn."

Ọwọ́ aránṣọ ti wà lórí rìmóòtù. Ká ní ó tẹ̀ ẹ́ ni, ìtàn yìí kì bá tí sí.

Ohun tó rí lọ́kàn rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Orin kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú fíìmù nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ mọ́. Òṣèré náà kàn dúró lẹ́yìn ilé, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lórí. Àwòrán igi tẹ̀ lé e. Àwòrán ojú ọ̀run tẹ̀ lé ìyẹn.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Ó ń ṣe nǹkan kan."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó kó aṣọ ọmọ náà jáde."

Aṣọ ọmọ kankan kò sí nínú fíìmù.

"Ó da omi sínú báàfù. Ó ń fọ̀ wọ́n."

"Ṣé wọ́n dọ̀tí ni?"

"Rárá. Wọ́n mọ́. Àná ló fọ̀ wọ́n. Ó sá wọn, wọn ò tíì gbẹ tán tó tún fi ká wọn wálẹ̀, tó tún ń fọ̀ wọ́n. Kò fẹ́ kí wọ́n gbẹ. Tí wọ́n bá gbẹ, ó di dandan kó ṣẹ́ wọn po. Tó bá ṣẹ́ wọn po, ó di dandan kó kó wọn sínú àpótí. Tó bá sì ti kó wọn sínú àpótí, ó parí nìyẹn."

Adájọ́ fi orí sún mọ́ ọn.

"Fìlà kékeré kan wà níbẹ̀. Kò fọ ìyẹn. Ó fi sí imú. Òórùn orí ọmọ ṣì wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bi mí níbi tó ti rí i. Òun gan-an ló fọ aṣọ náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti bí ọmọbìnrin kan rí nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọ náà kò tíì mọ ìjókòó tó fi kú. Adájọ́ kò sí nílé, wọ́n pè é sí ìlú òkèèrè láti wá dá fíìmù lẹ́jọ́. Kó tó dé, wọ́n ti sin ọmọ, aṣọ ti wọ àpótí. Àwọn àgbà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ kí ọgbẹ́ lè jinná, wọn kò sì sọ ọ́ mọ́. Ọmọ mìíràn kò wá.

Nígbà tí orin parí, aránṣọ wo ọkọ rẹ̀. Omi ń dà gbéregbère láti ojú tí kò ríran mọ́.

"Àbúrò rẹ ló ronú kan ìyẹn?" ni Adájọ́ wí. "Ọmọ yẹn? Ojú kékeré ni mo fi ń wò ó, kí Ọlọ́run dárí jì mí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ipò kìn-ín-ní. Kò sí àríyànjiyàn."

Aránṣọ dìde lórí apá àga. "Kìn-ín-ní kẹ̀? Ẹ fi sí ìkẹwàá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní igbe rẹ̀ ò dáa."

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni! Ṣé o ò rí i ni? Ó fún wa ní igbe èké kó lè fi ìdákẹ́jẹ́ òtítọ́ tẹ̀ lé e. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn."

"Àwọn tó kù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kàwé."

"Kí ọkàn wa lè wà lára ìyá náà nìkan ni."

Gbogbo àléébù tó bá fi ọwọ́ bà, ọkọ rẹ̀ á sọ ọ́ di ẹwà. Ẹjọ́ tí Adájọ́ bá ti dá, ta ló tó kó tún un dá? Ó wá ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí fíìmù kan tó jẹ́ pé inú òun ló ti jáde.

Ó sáré ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Mo sọ ohun tí kò sí níbẹ̀ fún un," ó ní, ó sì rò ó fún un láti orí dé ìdí.

Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn! Ẹ jẹ́ kí n lọ yà á kíákíá, kí n fi kún fíìmù náà kí—"

Ìgbátí ló dá a lóhùn. Aránṣọ kò lù ú rí láti kékeré.

"Ìyẹn kì í ṣe tìẹ," ó ní. "Gbọ́ mi. Ìyẹn kì í ṣe tìẹ."

Ó fẹ́ jẹ́wọ́. Ó fẹ́ ẹ dénú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bá ọkọ rẹ̀ de bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù, ó ní, "Ọkọ mi, fíìmù yẹn—"

Adájọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́ àyà. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Láti ìgbà tí ojú yìí ti ń lọ, ohun tó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe òkùnkùn. Ó ń dẹ́rù bà mí pé àwòrán kò tún ní lè dé ọkàn mi mọ́. Ìyá tó ń fọ aṣọ yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo ṣì wà láàyè." Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ sọ?"

"Pé ọrùn ẹ̀wù yìí ti fẹ́ gbó," ni aránṣọ wí. "Màá yí i padà fún yín."

Ọjọ́ àríyànjiyàn pé.

Sítúdíò náà kò fẹ̀. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ tó nípọn bò kí ariwo má baà ta. Adájọ́ àti Motakò kojú síra, atọ́kùn ètò, ọmọdébìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, wà láàárín wọn. Aránṣọ wà nínú yàrá kejì, gíláàsì tó nípọn ló là wọ́n láàárín. Ó ń rí wọn, ó ń gbọ́ wọn látinú ẹ̀rọ lára ògiri. Àwọn kò lè gbọ́ òun.

Láti ìkẹwàá dé ìkejì, ẹ̀rín ni. Motakò ta kò gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ mú wá.

"Ó wá ku ipò kìn-ín-ní," ni atọ́kùn wí.

"*Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìn* ni tèmi," ni Motakò wí. "Ẹni tó bá wò ó tí kò mira, kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń mí."

"*Ilé Ẹ̀yìn Afárá*," ni Adájọ́ wí.

Motakò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "Mo takò! Mo takò láàárọ̀, mo takò lọ́sàn-án! Fíìmù tí obìnrin ti ń ké bíi fèrè ọkọ̀ ojú irin?"

Adájọ́ kò bínú. Ó sún mọ́ máíkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó sọ ti báàfù. Ó sọ ti aṣọ tí kò gbọdọ̀ gbẹ. Ó sọ ti fìlà. Nígbà tó parí, atọ́kùn ti ń nu ojú rẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aránṣọ pàápàá ń fọn ikun imú.

Motakò sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

"Adájọ́, ohun tí o sọ yìí wọ̀ mí lára. Ó wù mí kí n wo fíìmù yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo wò."

"O sùn ni."

"N kò sùn."

Ìpè kan wọlé. "Hàlóò, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń gbé fíìmù yẹn sójú ìran ní ilé sinimá. Mo ti wò ó títí ó fi sú mi, ẹ̀yin àgbà. Kò sí báàfù níbẹ̀. Kò sí aṣọ ọmọ."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. "Mo fi ojú mi rí i."

"Ó dáa, ọ̀rọ̀ ò pọ̀," ni Motakò wí. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. "Ó wà lórí èyí. Mo ti ṣí i dé ibi tí obìnrin náà ti ké tán. Gbà, kí o fi báàfù hàn mí." Ó tì í sórí tábìlì, síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì. Gíláàsì kò dún.

Ẹ ṣáà mọ bí fóònù ṣe ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀. Iná ojú rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì kú pátápátá. Ó dúdú bíi sílétì níwájú Adájọ́.

Adájọ́ tẹ orí síwájú. Ó na ìka. "Òun nìyí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. "Ẹ wo báàfù. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nínú omi."

Motakò wo fóònù. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wá gbójú sókè sí gíláàsì, ó rí aránṣọ lẹ́yìn rẹ̀ tó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Ọkùnrin tó ti kọ́ ọmọ iléèwé títí irun fi funfun ni, ó mọ ojú ẹni tó ṣe ohun tí kò yẹ. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó rọra fa fóònù náà padà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. "O jàre, Adájọ́," ó ní. "N kò takò mọ́."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí lórí rédíò.

Bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni atọ́kùn, ẹnu rẹ̀ sì ti yá ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ. "Àmọ́ fóònù yẹn ti ṣókùnkùn, sà," ó ní. "Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ.

Adájọ́ fi máíkì sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá etí tábìlì, ó dì í mú, ó dìde. Lẹ́yìn náà ló yí orí sí ibi tó rò pé gíláàsì wà. Ògiri ló kọjú sí.

Wọ́n wọ takisí. Wọ́n délé, Adájọ́ kò wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó àwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín aṣọ tí wọn kò tíì rán tán.

"Kò sí níbẹ̀," ó ní.

"Kò sí níbẹ̀," ni ìyàwó wí lórí ìkúnlẹ̀. "Nítorí àbúrò mi ni. Ìkẹwàá ni mo—"

"N kò bi ọ́ nípa àbúrò rẹ. Ta ló fọ aṣọ?"

Aránṣọ dorí kodò.

"Ohun tí èèyàn kàn fi orí rò kì í rí báyẹn. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀. Ta ló fọ aṣọ, Télọ̀?"

"Èmi ni."

Adájọ́ bọ́ awò dúdú. Ó pẹ́ tó fi ń fi àtàǹpàkò nu dígí rẹ̀, dígí tí kò wúlò fún un.

"O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí rí."

"Àwọn àgbà ní ká má—"

"Àwọn àgbà kò bá wa sùn lórí ibùsùn."

Ó gbà á. Ó mi orí, ó ní òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí aránṣọ ní òun kò lè gbàgbé títí tí wọn yóò fi sin òun.

"Nígbà tí ọmọ mi kú, mo wà níbi tí mo ti ń to fíìmù. Òní yìí, mo tún gbé ẹkún rẹ̀ sáàárín ọjà, mo tò ó mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, mo fún un ní ipò kìn-ín-ní. Ìwọ lo jẹ́ kí n ṣe é."

Ìyàwó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Kì í ṣe ìyẹn ni ìṣòro." Ó rọra yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. "N kò mọ èyí tí o rí àti èyí tí o kò rí mọ́. Obìnrin tó fi apá bo ojú rírán tó já lábíyá, ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀! Mo fi Ọlọ́run búra, gbogbo àwọn tó kù ló wà níbẹ̀."

"Ó dáa," ni Adájọ́ wí, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe máa ń wí fún oníbàárà tó ń ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi ní lè san.

Ilé iṣẹ́ rédíò kọ̀wé ìdúpẹ́ sí i, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Àwọn kan káàánú rẹ̀. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́: bí ọmọ wọn bá ń wá bàtà tó wà níwájú rẹ̀, wọn á ní, "Adájọ́ ni ọ́." Èrò rọ́ lọ wo *Ilé Ẹ̀yìn Afárá* lóòótọ́, àmọ́ kí wọ́n lè pariwo "Báàfù dà?" nínú òkùnkùn sinimá ni. Àbúrò aránṣọ kó kúrò ní ìlú. Ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gùn: "Ẹ̀ bá ti pa fíìmù náà nígbà tí wọ́n ní kí ẹ pa á."

Aránṣọ náà ní kí n bá òun sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹnì kan ti fi ara rẹ̀ lé lọ́wọ́, bóyá ojú rẹ̀, bóyá àpò rẹ̀, bóyá orúkọ rẹ̀. Ó ní ẹ má ṣe bẹ̀rù irọ́ ńlá, torí ẹ kò ní pa á. Èyí tí kò tó èékánná ni kí ẹ sá fún. Ó sì ní bí ẹ bá ní ẹkún kan tí ẹ kò tíì sun lójú ẹni tó ni ín pẹ̀lú yín, ẹ lọ sun ún lónìí, kó má baà wá ọ̀nà ibòmíràn jáde.

Wọ́n ṣì jọ ń gbé. Ó ń se oúnjẹ, ọkọ ń jẹ ẹ́, ó sì ń dúpẹ́. Ohùn líle kankan kò sí nínú ilé náà. Motakò ló máa ń wá lọ́sàn-án Sátidé báyìí, òun ló ń jókòó ti Adájọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Aránṣọ kì í wa máṣíìnì nígbà náà kí ariwo má baà dí wọn lọ́wọ́. Á jókòó, á fi ọwọ́ lé aṣọ, á máa gbọ́ bí tíṣà ṣe ń sọ fíìmù náà ní gbígbẹ bí àkàrà àná: "Ọkùnrin kan wọlé. Ó jókòó."

"Kí ló tún ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ó dáa. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ẹ."

Sátidé tó kọjá, ìyàwó ló mú ẹ̀wù jáde fún ọkọ rẹ̀. "Búráùn ni," ó ní, bó ti máa ń sọ fún un, "òun ló bá ṣòkòtò yín mu." Adájọ́ dúpẹ́, ó wọ̀ ọ́. Motakò dé. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kò tíì padé tán tí aránṣọ fi gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́. Ẹ̀wù ọrùn mi yìí, ṣé búráùn ni lóòótọ́?"